Bí Wọ́n Ṣe Gba Oyè Lọ́wọ́ Ọba Nabha ní 1923: Ìran Phul àti Ìjà Ọmọ Bàbá Kan Náà

Ní oṣù Keje ọdún 1923, Maharaja Ripudaman Singh, ọba Nabha ní agbègbè Punjab ní ilẹ̀ Íńdíà, fi ààfin rẹ̀ sílẹ̀ lójú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì mú un lọ sí Dehradun kí ó lọ máa gbé níbẹ̀. Ìjọba kéde pé ọba náà fúnra rẹ̀ ló yàn láti kúrò lórí oyè. Àwọn Sikh, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn kan ní Punjab tí ọba náà jẹ́ ọ̀kan lára wọn, kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ni, wọ́n sì wá orúkọ tó dùn létí fún un. Ohun tó yẹ kí á fiyè sí ni pé ẹ̀sùn tí wọ́n tò sí i lọ́rùn ní gbangba kì í ṣe pé ó dìtẹ̀ mọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹjọ́ òun àti ìbátan rẹ̀, Maharaja Bhupinder Singh ti Patiala, ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà kò lè bẹ̀rẹ̀ láti 1923. Ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Phul, nítorí pé ọmọ Phul ni àwọn méjèèjì.

Àgbẹ̀ ni àwọn baba Phul. Ẹ̀yà Jat ni wọ́n, ìdílé Sidhu nínú wọn, ní apá Malwa, ìyẹn ilẹ̀ Punjab tó wà ní gúúsù odò Satluj. Ìtàn ìdílé wọn sọ pé ìran Jaisal ni àwọn, ọba Bhatti tó tẹ ìlú Jaisalmer dó ní ilẹ̀ Rajasthan. Èmi kò fi gbogbo ara gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìgbà tí ènìyàn bá ti jọba tán ni orírun ọba sábà máa ń yọjú. Èyí tí àwọn Sikh fúnra wọn fẹ́ràn jù ni ti Guru Har Rai, Guru wọn keje, ìyẹn olórí ẹ̀sìn wọn. Wọ́n ní Phul àti àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ òrukàn tí arákùnrin bàbá wọn, Kala, ń tọ́. Lọ́jọ́ kan ó mú àwọn ọmọ náà wá síwájú Guru, àwọn ọmọ sì ń fi ọwọ́ lu ikùn wọn pé ebi ń pa àwọn. Guru súre fún Phul pé ìran rẹ̀ yóò di ńlá, pé ẹṣin wọn yóò máa mu omi láti Satluj títí dé Yamuna. Nígbà tí Phul dàgbà, ó tẹ abúlé kan dó tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì di chaudhri lábẹ́ ìjọba Mughal tó ń ṣàkóso Íńdíà nígbà náà, ìyẹn olórí àdúgbò tó ń gba owó orí fún ọba.

Méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni ìtàn yìí dá lé lórí. Tiloka ni ẹ̀gbọ́n, Rama ni àbúrò. Ní ọdún 1696, Guru Gobind Singh, Guru kẹwàá, kọ ìwé sí àwọn méjèèjì pé kí wọ́n kó àwọn ẹlẹ́ṣin wọn wá ran òun lọ́wọ́, ó sì pe ilé wọn ní ilé tirẹ̀. Ìwé yẹn ni ọlá tí ìran Phul fi ń yangàn títí dòní ju ìwé àṣẹ èyíkéyìí tí ọba ayé fún wọn lọ, ó sì dára kí òǹkàwé fi í sọ́kàn, nítorí pé òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọba Nabha di ọ̀rọ̀ gbogbo àwọn Sikh nígbà tó yá.

Tiloka bí Gurditta àti Sukhchain. Láti ara Gurditta ni ilé Nabha ti wá, láti ara Sukhchain sì ni ilé Jind. Rama, tí í ṣe àbúrò, ló bí Ala Singh, ẹni tó dá Patiala sílẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ilé ọba mẹ́ta tí ayé ń pè ní Phulkian, ilé Nabha ló ti ara ẹ̀gbọ́n pátápátá wá: Tiloka ni àgbà láàárín àwọn ọmọ Phul, Gurditta sì ni àgbà láàárín àwọn ọmọ Tiloka. Ìlànà àgbà ni Nabha dì mú. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò ló lówó, ọmọ àbúrò ló lágbára. Ala Singh jẹ́ jagunjagun tó mọ ìgbà tó yẹ kí á jà àti ìgbà tó yẹ kí á san ìṣákọ́lẹ̀. Ó kọ́ odi Patiala ní 1763. Nígbà tí àwọn Sikh ṣẹ́gun Sirhind ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ra ìlú náà lọ́wọ́ ẹni tó bọ́ sí lọ́wọ́. Ní 1765, Ahmad Shah Durrani, ọba àwọn Afghan, fi í jẹ rájà. Àwọn Sikh mìíràn bínú sí i pé ó tẹrí ba fún ọ̀tá ẹ̀sìn. Ó gbọ́ ìbínú wọn, kò sì dá oyè náà padà.

Ní tiwọn, Hamir Singh tó jẹ́ ọmọ-ọmọ Gurditta tẹ Nabha dó ní 1755, Gajpat Singh ọmọ Sukhchain sì gba Jind. Ọmọbìnrin Gajpat Singh, Raj Kaur, ni ìyá Ranjit Singh, ẹni tó wá di ọba Lahore àti gbogbo Punjab ní ìkọjá odò. Bí ìṣirò ilẹ̀ bá wà nílẹ̀, nígbà tí ìjọba òyìnbó fi máa wọn ilẹ̀ wọn, ti Patiala ju 5,000 máìlì onígun mẹ́rin lọ, ti Nabha kò tó 1,000. Ilẹ̀ Nabha kò tilẹ̀ wà lójú kan. Ó fọ́nká, ìdì kan níhìn-ín, ìdì kan lọ́hùn-ún, ilẹ̀ Patiala sì wà láàárín púpọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀ abúlé Phul gan-an, ibi tí gbogbo wọn ti ṣẹ̀, inú ilẹ̀ Nabha ló wà. Kò sí bí irú ààlà bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní bí ìjà: ọ̀daràn ṣẹ̀ ní abúlé kan, ó rin ìrìn díẹ̀, ó ti wọ ìlú ọba mìíràn.

Ìjà náà kò sì pẹ́ kó tó pe àlejò wọlé. Ní 1806, Patiala àti Nabha ń jà lórí abúlé Doladdi tó wà lẹ́bàá Nabha. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ranjit Singh ní Lahore pé kó wá bá wọn parí rẹ̀. Ó kó ọmọ ogun sọdá Satluj, ó dá ẹjọ́, ó gba ẹ̀bùn, ó sì fojú wo ilẹ̀ náà dáadáa. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ó tún padà wá, lọ́tẹ̀ yìí nítorí ìjà ọba Patiala àti olorì rẹ̀. Ìgbà yìí ni ẹ̀rù wá ba àwọn ọmọ Phul pé onídàájọ́ yìí yóò gbé àwọn mì, ni wọ́n bá sá tọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ ní Delhi. Àdéhùn Amritsar tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹrin 1809 fi Satluj ṣe ààlà fún Ranjit Singh, àwọn ọba gúúsù odò sì bọ́ sábẹ́ ààbò àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ọba kan tó jẹ́ ọmọ ọmọbìnrin wọn, wọ́n bọ́ sọ́wọ́ ìjọba tó ní àkọsílẹ̀, tó ní ajẹ́lẹ̀, tí kì í gbàgbé ohun tó bá ti kọ sínú ìwé.

Nabha ló kọ́kọ́ mọ bí ọwọ́ náà ṣe le tó. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba Lahore ní òpin 1845, Rájà Devinder Singh ti Nabha fà sẹ́yìn, kò kó oúnjẹ àti ọmọ ogun wá bí wọ́n ṣe retí. Ní 1846 wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbé ọmọ rẹ̀ kékeré, Bharpur Singh, gorí ìtẹ́. Ọmọ náà kọ́gbọ́n. Nígbà ọ̀tẹ̀ ńlá 1857 tí àwọn ará Íńdíà dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní Patiala àti Jind gbárùkù ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì láìṣiyèméjì, olúkúlùkù wọn sì gba ilẹ̀ kún ilẹ̀.

Èrè tó tún ju ilẹ̀ lọ wà nínú ìwé àṣẹ tí wọ́n fún wọn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1860. Ìwé náà fún wọn láyè láti gba ọmọ ṣe arólé bí ọba kò bá bímọ. Ó sì fi kún un pé bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta bá kú láìní ọmọ, tí kò sì gba ẹnikẹ́ni ṣọmọ, àwọn ọba méjì tó kù pẹ̀lú ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò yan arólé láti inú ìran Phul. Ní kúkúrú, wọ́n sọ àwọn ìbátan di afọbajẹ fún ara wọn, wọ́n sì fi òyìnbó ṣe ìkẹta wọn. Bharpur Singh kú ní 1863, àbúrò rẹ̀ Bhagwan Singh jọba tẹ̀ lé e, òun náà sì kú ní 1871 láìní ọmọ. Bí ẹ̀jẹ̀ Gurditta ṣe parí lórí ìtẹ́ Nabha nìyẹn. Àwọn afọbajẹ náà jókòó: ọba Patiala, ọba Jind, àti ajẹ́lẹ̀. Wọ́n mú Hira Singh, ọmọ ilé Jind láti Badrukhan, wọ́n fi í jọba. Bàbá Ripudaman Singh ni Hira Singh. Ilé Patiala tó wá bá ọmọ jà ní 1923 wà lára àwọn tó fi bàbá jẹ. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ipò àgbà tí Nabha ń pè ní tirẹ̀ dúró lé ìtẹ́ ju bó ṣe dúró lé ẹ̀jẹ̀ lọ, nítorí pé láti ara Sukhchain, àbúrò Gurditta, ni ọba tuntun ti wá. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ jáde ní Nabha.

Hira Singh jọba fún ogójì ọdún, ó sì jẹ́ ọlọ́gbọ́n ọba tí òyìnbó bọ̀wọ̀ fún. Ọmọ rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n bí Ripudaman ní 1883, ọ̀mọ̀wé Bhai Kahn Singh sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ rẹ̀, ẹni tó kó ìmọ̀ ẹ̀sìn Sikh jọ sínú ìwé atúmọ̀ ńlá. Kí ó tó jọba ni ó ti jókòó ní ìgbìmọ̀ aṣòfin Íńdíà láti 1906 sí 1908, níbi tó ti gbé àbá òfin kalẹ̀ pé kí ìjọba ka ìgbéyàwó Anand ti àwọn Sikh sí ìgbéyàwó tó bófin mu. Òfin náà sì jáde ní 1909. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní òpin 1911, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ìwúyè. Ripudaman gbà pé bíbí ni wọ́n bí òun sórí oyè, kì í ṣe pé òyìnbó ló fi òun jẹ. Ní ojú ìjọba, ọ̀rọ̀ yìí burú. Ọba tó jẹun tán tó sì ń bi ẹni tó ní abọ́ léèrè ni wọ́n kà á sí.

Ẹ fi Bhupinder Singh ti Patiala wé e. Ọdún 1900 ló gorí oyè nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé. Ó fẹ́ràn eré kíríkẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ràn ohun ọ̀ṣọ́, ó sì mọ bí a ti í bá òyìnbó ṣe. Ní ogun àgbáyé kìíní ó kó ọmọ ogun lọ́pọ̀lọpọ̀ fún wọn, wọ́n sì pè é sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ogun ní London ní 1918. Ìbọn 17 ni wọ́n ń yìn láti kí i. Ti Nabha jẹ́ 13. Láti ìta, ọ̀rọ̀ ìbọn lè dà bí eré. Àwọn ọba wọ̀nyẹn kò kà á sí eré rárá, pàápàá ọba tó gbà pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ni òun.

Lẹ́yìn ogun, nǹkan gbóná sí i. Àwọn Sikh dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1920, tí gbogbo ayé mọ̀ sí SGPC, láti gba àwọn gurdwara, ìyẹn ilé ìsìn wọn, kúrò lọ́wọ́ àwọn alábòójútó tó sọ ọ́ di ogún ìdílé wọn. Ẹgbẹ́ Akali ni ọwọ́ tí ìgbìmọ̀ náà fi ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kejì 1921, wọ́n pa ọ̀pọ̀ lára àwọn Akali ní Nankana Sahib, ìlú tí wọ́n ti bí Guru Nanak, ẹni tó dá ẹ̀sìn Sikh sílẹ̀. Ripudaman wé láwàní dúdú láti ṣọ̀fọ̀. Ọba mìíràn ì bá fi ọ̀fọ̀ rẹ̀ pamọ́ sínú yàrá.

Ní àsìkò yìí kan náà ni ẹjọ́ òun àti Patiala di ńlá. Patiala fi ẹ̀sùn kàn án pé ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ Nabha ń purọ́ mọ́ àwọn ará Patiala, wọ́n ń gbé wọn láti ìkọjá ààlà, wọ́n ń jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Nabha náà ní ẹ̀sùn tirẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan Adájọ́ Stuart ti ilé ẹjọ́ gíga Allahabad láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, àbájáde ìwádìí rẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ 1923 sì dá Patiala láre nínú èyí tó pọ̀ jù. Mi ò rò pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀sùn náà. Ilé ẹjọ́ tí ọba fúnra rẹ̀ ń darí, tí ààlà sì wà ní ẹ̀yìnkùlé, rọrùn láti fi ṣe ibi. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí á fi òdiwọ̀n kan náà wọn gbogbo àwọn ọba Íńdíà, ìtẹ́ tó máa ṣófo ì bá pọ̀. Ní 1930, nígbà tí àwọn aráàlú tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ní ilẹ̀ àwọn ọba to ẹ̀sùn tó burú ju èyí lọ sí Bhupinder Singh lẹ́sẹ̀, ajẹ́lẹ̀ kan ni ìjọba ní kó wádìí rẹ̀, ó sì dá a láre pátápátá.

Lẹ́yìn àbájáde Stuart, wọ́n jẹ́ kí Ripudaman yé e pé bí kò bá fúnra rẹ̀ kúrò, wọn yóò rọ̀ ọ́ lóyè. Ó fọwọ́ sí i. Òyìnbó alábòójútó ló ń ṣàkóso Nabha láti ìgbà yẹn lọ.

Ìjọba rò pé ọ̀rọ̀ ọba méjì ni, pé yóò parí síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà nìyí. SGPC gbà pé ìfẹ́ tí ọba náà ní sí ẹ̀sìn ló kó o sí wàhálà, wọ́n sì pe ọjọ́ àdúrà fún un ní oṣù Kẹsàn-án. Ní Jaito, ìlú ọjà kan nínú ìdì ilẹ̀ Nabha tó jìnnà sí olú ìlú, àwọn Akali bẹ̀rẹ̀ akhand path ní gurdwara Gangsar, ìyẹn kíka Ìwé Mímọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdánudúró fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ọlọ́pàá wọlé, wọ́n kó àwọn tó wà níbẹ̀, kíkà náà sì já. Láti ìgbà yìí, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ọ̀rọ̀ oyè. Ẹni tí kò bìkítà fún Ripudaman tẹ́lẹ̀ náà dìde, nítorí pé wọ́n ti fọwọ́ kan ohun mímọ́.

Ìkọ̀ lẹ́yìn ìkọ̀, tí wọ́n ń pè ní jatha, bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Jaito láti lọ ka ìwé náà parí. Ọlọ́pàá ń kó wọn, àwọn mìíràn sì ń dé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, Jawaharlal Nehru, ẹni tó wá di olórí ìjọba Íńdíà lẹ́yìn òmìnira, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì nínú ẹgbẹ́ Congress tó ń jà fún òmìnira náà wá wo ohun tó ń lọ. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ, wọn kò lọ, wọ́n sì fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè wọ́n lọ sí ẹ̀wọ̀n Nabha. Ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àti ààbọ̀ fún wọn, lẹ́yìn náà wọ́n dá ìjìyà náà dúró, wọ́n sì lé wọn kúrò ní ìlú. Nehru kó àrùn ibà líle nínú ẹ̀wọ̀n ẹlẹ́gbin yẹn. Ní oṣù Kẹwàá, ìjọba fòfin de SGPC àti ẹgbẹ́ Akali. Àwọn jatha kò dáwọ́ dúró. Ní oṣù Kejì 1924, jatha ẹlẹ́ni 500 gbéra láti Amritsar, ọ̀pọ̀ ará abúlé sì ń tẹ̀ lé wọn lọ́nà. Nígbà tí wọ́n dé Jaito ní ọjọ́ 21 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun yìnbọn sí wọn. Iye àwọn tó kú tí ìjọba sọ àti èyí tí àwọn Akali sọ jìnnà sí ara wọn gan-an.

Ó lé ní ọdún kan kí ó tó rọlẹ̀. Ní oṣù Keje 1925, wọ́n ṣe òfin tó fi àbójútó àwọn gurdwara Punjab lé ìgbìmọ̀ àwọn Sikh lọ́wọ́, wọ́n sì gbà kí wọ́n ka ìwé náà ní Jaito. Ẹ̀ẹ̀kanlélọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n kà á, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Ohun tí kò sí nínú ìparí ìjà náà ni orúkọ Ripudaman Singh. Àwọn Sikh gba gurdwara wọn, kò sì sí ẹni tó tún di ìtẹ́ Nabha mú gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tí kò ṣeé yẹ̀. Bí mo ṣe rí i, àwọn olórí wọn kò dalẹ̀. Wọ́n mọ èyí tí ọwọ́ lè tẹ̀ nínú ohun méjì tí wọ́n ń béèrè ni.

Ọba tí wọ́n lé kò sinmi ní Dehradun. Ó ń kọ ìwé, ó ń gba àlejò. Ó tún ìrìbọmi Sikh ṣe, ó sì gba orúkọ tuntun, Gurcharan Singh. Ní 1928, ìjọba gba orúkọ oyè tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n dín owó tí wọ́n ń fún un kù, wọ́n sì fi òfin ọdún 1818 tó gba ìjọba láyè láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sí ilé ẹjọ́ mú un lọ sí Kodaikanal, ní gúúsù Íńdíà lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ló kú sí ní oṣù Kejìlá 1942. Ọmọ rẹ̀, Partap Singh, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni wọ́n gbé gorí oyè ní 1928, ìgbìmọ̀ sì ń ṣàkóso fún un títí di 1941.

Ẹ rántí pé bákan náà ni wọ́n ṣe fún Devinder Singh ní 1846: wọ́n rọ bàbá, wọ́n fi ọmọdé jọba. Partap Singh kò pẹ́ lórí agbára. Íńdíà gba òmìnira ní 1947, nígbà tó sì di 1948, ìjọba tuntun kó Patiala, Nabha, Jind, Kapurthala, Faridkot, Malerkotla, Kalsia àti Nalagarh pọ̀ di ìpínlẹ̀ kan tí wọ́n pè ní PEPSU. Yadavindra Singh, ọba Patiala, ọmọ Bhupinder, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Abúlé Phul, Nabha àti Jaito bọ́ sábẹ́ ọmọ Rama, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi da PEPSU pọ̀ mọ́ Punjab ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1956.